Bí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù ṣe ń di òṣìṣẹ́ wọn mú

Láti ọdún 2001 tí GSM ti wọ Nàìjíríà ni àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù ti ń du òṣìṣẹ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Lónìí, ìdíje náà ti kọjá àárín wọn. Báńkì ń wá ẹnjiníà wọn, Kánádà àti Ìlú Ọba náà ń wá a. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba sì ti tú náírà sílẹ̀ fún ọjà, owó oṣù tí wọ́n ń kà sí ńlá l'Ékòó kò tó nǹkan mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹni tó ń gba dọ́là. Ìdí rèé tí jápa fi wọ̀ wọ́n lára.

Ẹni tó bá lọ kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹnjiníà tó ti tọ́jú agbègbè kan fún ọdún mẹ́rin mọ ibi tí wáyà fáíbà gbà lábẹ́ ilẹ̀, ó mọ òpó nẹ́tíwọ̀kì tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ máa ń dákẹ́, ó mọ ẹni tí wọ́n ń pè ládùúgbò kí géètì ọgbà òpó náà tó ṣí. Púpọ̀ nínú ìmọ̀ yìí kò sí nínú ìwé kankan. Ẹni tuntun lè ní ìwé ẹ̀rí jù ú lọ, síbẹ̀ ó máa pẹ́ kó tó mọ ibi tí bàtà ti ń ta.

Owó ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi dè wọ́n: àfikún owó oṣù, owó ìparí ọdún, ìtọ́jú ìlera fún tìyàwó tọmọ. Owó ìfẹ̀yìntì kò lè dá ẹnikẹ́ni dúró, nítorí lábẹ́ òfin ọdún 2014, ìdá 8 nínú 100 tí òṣìṣẹ́ ń dá àti ìdá 10 tí agbanisíṣẹ́ ń fi kún un ń bá a lọ síbi yòówù tó bá ń lọ.

Ẹ̀kọ́ ló lágbára jù. Iléeṣẹ́ á sanwó ìdánwò Cisco tàbí Huawei, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ nẹ́tíwọ̀kì, òṣìṣẹ́ á sì tọwọ́ bọ bọ́ńdì pé òun kò ní kúrò kí ọdún kan tàbí méjì tó pé. Bó bá kúrò, yóò dá owó náà padà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí bọ́ńdì bá parí, ìwé ẹ̀rí yẹn kan náà ló máa fi wọ ibòmíràn. Ìyẹn ló fi yẹ kí ìgbéga tẹ̀lé ẹ̀kọ́ kíákíá. MTN àti Airtel, tí wọ́n wà ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó lé ní mẹ́wàá, tiẹ̀ láyè láti rán òṣìṣẹ́ lọ sí òkè òkun láìjẹ́ pé ó fi iléeṣẹ́ sílẹ̀.

Ibi tó ń dùn mí jù ni ti àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn lórí fóònù, agbaṣẹ́ṣe ló gbà wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gun òpó. Ẹ̀kọ́ yẹn kì í dé ọ̀dọ̀ wọn, ìgbéga kì í sábà dé ibẹ̀. Bí ibòmíràn bá fi owó táṣẹ́rẹ́ lé tiwọn, wọ́n ti lọ nìyẹn. Oníbàárà tó bá sì tún pè lóṣù tó tẹ̀ lé e, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni yóò gbé ìpè rẹ̀.