Ibi tí ìwé àṣẹ aṣojú ti ṣẹ̀ wá

Inú kóòtù ni ìwé tí gbogbo wa ń pè ní pawa-ọ́f-atọ́nì, èyí téèyàn fi ń yan ẹlòmíràn láti ṣe nǹkan lórúkọ rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1235, nígbà ayé Ọba Henry Kẹta ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan jáde ní Merton, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù. Ó gba ẹni tó bá jẹ́ òmìnira láyè láti rán aṣojú lọ sí kóòtù àdúgbò rẹ̀, dípò kó máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ ní gbogbo ìgbà. Ṣáájú ìyẹn, ọwọ́ ọba ni èèyàn ti ń tọrọ irú àyè bẹ́ẹ̀. Láti kóòtù ni àṣà náà ti bọ́ sí ọ̀rọ̀ gbèsè, ilé àti ilẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn wa máa ń kanra bí lọ́yà bá ní kí wọ́n tún fọwọ́ síbí, kí wọ́n tún mú ẹlẹ́rìí wá. Ó wù mí kí wọ́n mọ̀ pé ìjà tàbí jìbìtì ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlànà wọ̀nyí.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ èdìdì. Nígbà tí àwọn tó mọ̀wé kò pọ̀, wọ́n á yọ́ ìda sórí ìwé, wọ́n á sì tẹ àmì ẹni tó ni ọ̀rọ̀ mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni ìlànà kan ti jáde: aṣojú tí yóò bá fọwọ́ sí ìwé elédìdì lórúkọ ẹlòmíràn, ìwé elédìdì bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi yàn án. Ìlànà yìí bá òfin Gẹ̀ẹ́sì wọ ilẹ̀ wa, ilé ẹjọ́ sì tẹ̀ lé e ní 1938 nínú ẹjọ́ Abina àti Farhat. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti gba àwọn èèyàn sílẹ̀ lọ́wọ́ èdìdì láti ìgbà òfin 1989. Kéèyàn fọwọ́ sí i níṣojú ẹlẹ́rìí ti tó. Ní tiwa, òfin ìforúkọsílẹ̀ ìwé ilẹ̀ fi ààbò kún un fún ẹni tí kò mọ̀wé: iwájú májísíréètì tàbí J.P. (adájọ́ àlàáfíà) ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti tẹ̀ka, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn kò ní forúkọ ìwé náà sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí ìwé yìí ti ṣẹ́ mọ́ aráyé lọ́wọ́ jù ni ọ̀rọ̀ ọpọlọ. Ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan fàyè gba ìyàwó rẹ̀ láti máa ra nǹkan lórúkọ rẹ̀. Orí ọkùnrin náà dàrú, ìyàwó ń ra bàtà láwìn lọ, ẹni tó ń tajà fún un kò sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ara ọkọ yá, ó ní òun kò sanwó. Ní 1879, nínú ẹjọ́ Drew àti Nunn, ilé ẹjọ́ ní kó san án, nítorí pé kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún ọlọ́jà. Síbẹ̀, ohun tí ìdájọ́ náà fi sílẹ̀ ni pé àṣẹ aṣojú ń dópin bí orí ẹni tó fún un bá ti dàrú. Ní 1910, lọ́yà kan tó ń gbẹjọ́ rò láìmọ̀ pé oníbàárà òun ti pàdánù iyè rẹ̀ fi owó ara rẹ̀ san ìnáwó ẹjọ́.

Ẹ rò ó wò. Ìgbà tí bàbá bá ti di arúgbó tí iyè rẹ̀ rà, tí kò mọ owó rẹ̀ mọ́, ìgbà yẹn gan-an ni ìwé tó fi yan ọmọ rẹ̀ di bébà lásán. Ó dùn mí pé ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó tún un ṣe. Ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ gbé òfin jáde, ní 1954, pé ìwé náà lè máa ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni tó ṣe é bá kọ ọ́ sínú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. England tẹ̀ lé e pẹ̀lú òfin 1985, ṣùgbọ́n ìfọwọ́sí tiwọn rọrùn jù, àwọn aláìṣòótọ́ sì ń fi í jẹ owó àgbàlagbà.

Láti oṣù kẹwàá 2007 ni ìwé tuntun ti rọ́pò ìyẹn, oríṣi méjì: ọ̀kan fún owó àti dúkìá, èkejì fún ìlera àti ìtọ́jú. Ẹni tó ni ìwé ló kọ́kọ́ ń fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí tí kì í ṣe aṣojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan tó dá dúró yóò jẹ́rìí pé ohun tó ń ṣe yé e, pé wọn kò fipá mú un. Ìgbẹ̀yìn ni ti àwọn aṣojú. Bí wọ́n bá to ìfọwọ́sí náà lódì, ọ́fíìsì ìjọba tó ń forúkọ ìwé sílẹ̀ lè dá a padà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò wúlò láìforúkọsílẹ̀. Ti ìlera kì í ṣiṣẹ́ àyàfi tí oníwèé kò bá lè pinnu fúnra rẹ̀ mọ́.

Nílé, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló gba ìwé yìí lọ́wọ́ wa. Láti ìgbà òfin ilẹ̀ 1978 tó sọ ìyọ̀ǹda gómìnà di dandan, ọ̀pọ̀ ń fi pawa-ọ́f-atọ́nì ra ilẹ̀ kí wọ́n lè yẹra fún un. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ là á mọ́lẹ̀ ní 1993, nínú ẹjọ́ Ude àti Nwara, pé iṣẹ́ ni ìwé yìí ń rán èèyàn, kò gbé ilẹ̀ fún un. Kí olùrà má fi mọ síbẹ̀. Ẹni tó wà lókè òkun tó fẹ́ kí àbúrò bójú tó ilé rẹ̀ ní Ìbàdàn, kó fọwọ́ sí i níwájú nótárì tàbí aṣojú ìjọba Nàìjíríà níbẹ̀, torí òfin ẹ̀rí 2011 ní kí ilé ẹjọ́ ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí ojúlówó.

Òfin Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan, ti 1882, gba ìwé tí wọ́n san owó lé lórí láyè láti má ṣe é fagi lé, kódà bí orí oníwèé bá dàrú. Olùrà ni ìyẹn ń dáàbò bò. Fún ìyá arúgbó tó kàn fẹ́ kí ọmọ òun máa bá òun gba owó ìfẹ̀yìntì, ìlànà 1879 ló ṣì dè é ní Nàìjíríà. Ohun tí Virginia ṣe ní 1954, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wa náà lè ṣe é.