Ìga ọrùn àti ìnawọ́: nọ́ńbà méjì tó yẹ kí obìnrin gíga bèèrè kó tó ra kẹ̀kẹ́ eré ìje

Bí ẹ bá ṣí àtẹ ìwọ̀n kẹ̀kẹ́ eré ìje èyíkéyìí, nọ́ńbà á kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Méjì péré ló ṣe kókó fún obìnrin tó ga, àwọn méjèèjì yìí gan-an sì ni àwọn tó ń túmọ̀ fún wa ń bà jẹ́. Sítáàkì àti ríìṣì lòyìnbó pè wọ́n. Ẹnì kan gbé sítáàkì, ó yẹ ìwé atúmọ̀ èdè wò, ó rí i pé nǹkan tí wọ́n tò léra wọn ni, ló bá sọ ọ́ di "òkìtì". Òkìtì kẹ̀kẹ́! Ẹni tó bá gbọ́ ọ á máa wò ó bóyá kẹ̀kẹ́ náà ti takìtì rí ni. Ẹlòmíràn ní "àtòlé" ni ká máa pè é, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tí wọ́n tò lé ohunkóhun níbẹ̀. Ti ríìṣì ló wá burú jù. "Ìnà" ni wọ́n sọ ọ́. Ẹ rò ó wò: obìnrin wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí wọ́n fún òun ní kẹ̀kẹ́ tí ìnà rẹ̀ kò pọ̀ jù. Ṣé kẹ̀kẹ́ ló wá rà ni, àbí ó wá bẹ olùkọ́ pé kó dín pàṣán kù?

Àwọn kan tún wà tí wọ́n ní ká kúkú fi sítáàkì àti ríìṣì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. N kì í ṣe ọ̀tá ọ̀rọ̀ àyálò. Fréèmù, pẹ́dàlì, bíréèkì, fọ́ọ̀kù, gbogbo wọn ni mò ń lò láìṣe iyèméjì, torí wọ́n ti mọ́ gbogbo ènìyàn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ta ló mọ sítáàkì? Ẹni tó mọ̀ ọ́n kò nílò àlàyé mi, ẹni tí kò sì mọ̀ ọ́n kò ní rí ohun kan dì mú nínú rẹ̀.

Èmi ń pe sítáàkì ní ìga ọrùn, mo sì ń pe ríìṣì ní ìnawọ́.

Ibi tí fọ́ọ̀kù gbà gòkè níwájú fréèmù, tí hándù wá jókòó lé lórí, ọrùn ni, kò sí orúkọ mìíràn tó yẹ ẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ wọn sítáàkì, láti àárín gbùngbùn ìdí pẹ́dàlì, níbi tí apá pẹ́dàlì méjèèjì ń yí mọ́, ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Òkè ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n lọ tààrà, títí yóò fi bá ẹnu ọrùn náà dọ́gba. Ìga ọrùn nìyẹn, kò lábùlà. Fún ríìṣì, láti ìdí pẹ́dàlì kan náà ni, ṣùgbọ́n síwájú ni wọ́n ń lọ, láìgòkè láìsọ̀, títí wọ́n á fi dé ọ̀gangan ẹnu ọrùn. Bó bá ṣe gùn tó ni ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ yóò ṣe nawọ́ jìnnà tó. Ẹni tó dábàá "ìnàgà" sún mọ́ ọn, mo gbà fún un, àmọ́ òkè lènìyàn ń nàgà sí. Iwájú ni ìwọ̀n yìí ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n wa kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an ní ìnawọ́ jọ ìnáwó jù. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí la wá fi àmì ohùn ṣe? Ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìfi àmì sí i kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fẹ̀sùn kan ọ̀rọ̀ náà. Bó bá sì jẹ́ pé ìjọra yẹn ló ń dà yín láàmú, kẹ̀kẹ́ eré ìje kò kúkú jìnnà sí ìnáwó.

Ó tó lórí orúkọ. Ẹ wo ẹni tó dúró ti tábìlì tó fẹ́ fọṣọ nínú ọpọ́n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lójú kan, kò yẹ̀. Bí tábìlì ṣe ga tó láti ilẹ̀ ni ìga ọrùn. Bí wọ́n ṣe gbé ọpọ́n jìnnà sí ibi tó fẹsẹ̀ lé ni ìnawọ́. Tábìlì tó kúrú á sọ ọ́ di abuké, ọpọ́n tó jìnnà á fa èjìká rẹ̀. Bí tábìlì bá wá kúrú, tí ọpọ́n tún jìnnà, ìbàdí ló máa jẹ ìyà rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé n kò dárúkọ àga rárá. Ibi tí ìdí jókòó sí kò sí nínú ìwọ̀n méjèèjì, òun ló sì jẹ́ kí wọ́n ṣeé gbára lé: ẹ gbé ìjókòó sókè, ẹ sún un síwá sẹ́yìn, ìga ọrùn àti ìnawọ́ kò ní yí padà. Àwọn kan á ní ká tún ya ìnawọ́ fréèmù sọ́tọ̀ kúrò lára ìnawọ́ títí dé hándù. Kí wọ́n máa yà á lọ.

Kí ló dé tí a kò fi lè gba nọ́ńbà tó wà lára fréèmù gbọ́? 54, 56, 58: láyé àtijọ́, gígùn òpó ìjókòó, ọ̀pá fréèmù tó gòkè láti ìdí pẹ́dàlì lọ sábẹ́ ìjókòó, ní sẹ̀ǹtímítà ló dúró fún, nígbà tí ọ̀pá òkè fréèmù ṣì dùbúlẹ̀ gbalaja. Nígbà tó di àwọn ọdún 1990, Mike Burrows, ará England tó ń ṣe kẹ̀kẹ́, ya kẹ̀kẹ́ TCR fún ilé-iṣẹ́ Giant, ó mú kí ọ̀pá òkè náà dà gẹ̀rẹ́ lọ sẹ́yìn, òpó ìjókòó sì kúrú. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà ni 56 ti di orúkọ lásán. Ẹ lè rí 56 tí wọ́n ṣe fún ìdíje, kí ìga ọrùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 565. Ẹ sì lè rí 56 tí wọ́n ṣe fún ìrìn gígùn, kó sún mọ́ 600. Nọ́ńbà kan náà, kẹ̀kẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọ̀rọ̀ "kẹ̀kẹ́ obìnrin" tún wà ńbẹ̀. Georgena Terry bẹ̀rẹ̀ sí í ta kẹ̀kẹ́ fún àwọn obìnrin ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1985, ó sì fi táyà kékeré síwájú kí fréèmù lè kúrú láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ ń gbá táyà. Iṣẹ́ gidi ló ṣe. Ṣùgbọ́n ìṣòro obìnrin kúkúrú ló ń yanjú, àwọn ilé-iṣẹ́ tó wá lẹ́yìn rẹ̀ sì mú un bí òfin pé obìnrin túmọ̀ sí kékeré. Wọ́n ń to kẹ̀kẹ́ obìnrin láti kékeré lọ sí ńlá, wọ́n á sì dúró níbi tó yẹ kí obìnrin gíga ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Ellen van Dijk, ará Netherlands tó gun kìlómítà 49.254 ní wákàtí kan péré ní Grenchen lọ́dún 2022, ga ju mítà 1.80 lọ. Lọ́dún 2019, ilé-iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ Specialized kéde pé àwọn kò ní máa ya fréèmù sí ti ọkùnrin àti ti obìnrin mọ́, torí ìwọ̀n ara àwọn agunkẹ̀kẹ́ tí wọ́n kó jọ fi hàn pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín obìnrin sí obìnrin ju ti obìnrin sí ọkùnrin lọ. Obìnrin gíga ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Ó wá ku kó lọ sọ́dọ̀ àwọn kẹ̀kẹ́ ńlá. Wàhálà mìíràn nìyẹn. Bí fréèmù bá ṣe ń tóbi sí i ni wọ́n ń mú gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ tóbi: hándù á fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 44, sítẹ́ẹ̀mù, irin kúkúrú tó gbá hándù mú, á gùn tó mìlímítà 110 tàbí 120. Wọ́n ti gbà lọ́kàn pé ẹni tó bá ga á ní èjìká gbàǹgbà àti àtẹ́lẹwọ́ ńlá. Mo mọ arábìnrin kan tó gun irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀, tó ní kò sí ohun tó ṣe òun. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń sọ nǹkan mìíràn. Téèpù tí wọ́n wé mọ́ hándù ti dúdú, ó ti ń yọ òwú láàárín, lẹ́bàá sítẹ́ẹ̀mù. Ibi tó yẹ kí ọwọ́ máa gbé, lórí bíréèkì, ṣì ń dán bí ìgbà tí wọ́n tà á. Eruku ti bo ìsàlẹ̀ hándù tó ká. Imú ìjókòó ti yọ̀ dan, ẹ̀yìn rẹ̀ kò fara kan aṣọ. Ìnawọ́ ti pọ̀ jù fún un, ó wá ń sá síwájú lórí ìjókòó, ó ń fa ọwọ́ sẹ́yìn lórí hándù, ó sì rò pé bó ṣe fẹ́ràn láti máa gùn ún nìyẹn.

Ibi tó le nínú ọ̀rọ̀ yìí, tí àwọn tó ń ṣàlàyé sì máa ń fò kọjá, ni bí a ṣe ń fi kẹ̀kẹ́ méjì wéra. Ká ní ìga ọrùn ti àkọ́kọ́ jẹ́ mìlímítà 570, ìnawọ́ rẹ̀ 390. Ìga ọrùn ti èkejì jẹ́ 600, ìnawọ́ rẹ̀ 381. Ẹni tó kàn sáré kà á á ní èkejì kúrú fún ẹni gíga. Irọ́ ni. Ọrùn kẹ̀kẹ́ kò dúró ṣánṣán, ẹ̀yìn ló fì sí díẹ̀, igun tó wà láàárín òun àti ilẹ̀ jẹ́ bíi dígírì 73. Bí ẹ bá fi òrùka, àwọn roboto pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kó sábẹ́ sítẹ́ẹ̀mù, gbé e sókè ní mìlímítà 10, hándù kì í gòkè lásán, á tún fi bíi mìlímítà 3 padà sọ́dọ̀ yín. Ẹ gbé hándù kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ títí yóò fi ga tó ti èkejì: òrùka á lé díẹ̀ ní mìlímítà 30, ìnawọ́ 390 á sì di 381. Ibì kan náà ni ọwọ́ bọ́ sí lórí méjèèjì! Ìyàtọ̀ tó kù ni pé àkọ́kọ́ ti lo gbogbo òrùka rẹ̀ tán, àwọn tó ń ṣe fọ́ọ̀kù kábọ̀n sì máa ń fi òdiwọ̀n lé iye òrùka tó lè gbà. Èkejì kò tíì lo ẹyọ kan. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ mú ìga ọrùn méjèèjì dọ́gba kí ẹ tó sọ̀rọ̀ nípa ìnawọ́. Ìnawọ́ tí a kò bá sọ ìga ọrùn rẹ̀ kò nítumọ̀.

Obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ni ìga ọrùn ń jà fún jù. Ìṣirò tí Cyrille Guimard, olùkọ́ni eré kẹ̀kẹ́ ará Faransé, àti Greg LeMond, ará Amẹ́ríkà tó gba Tour de France, sọ di mímọ̀ ni pé kí a fi 0.883 sọ gígùn inú ẹsẹ̀, láti ibi tí itan méjèèjì ti pàdé lókè dé ilẹ̀, di púpọ̀, a ó rí bí ìjókòó ṣe yẹ kó jìnnà sí ìdí pẹ́dàlì. Kì í ṣe òfin, àmọ́ ó ń múni sún mọ́ ibẹ̀. Inú ẹsẹ̀ tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 90 á gbé ìjókòó sí 79.5. Lórí fréèmù tí ìga ọrùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 570, láìsí òrùka, ìjókòó á fi ju sẹ̀ǹtímítà 12 lọ ga ju hándù. Àwọn eléré ìdíje lè fara da ìyẹn. Ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ najú ní òwúrọ̀ Sátidé kò ní gbádùn ọrùn tirẹ̀ bó bá di Sunday.

Ohun tó kù ṣeé tún ṣe, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi dẹ́rù bà yín. Sítẹ́ẹ̀mù 120 ṣeé pààrọ̀ sí 90. Hándù ṣeé pààrọ̀: ẹ wọn egungun èjìká kan sí èkejì lókè, kí ẹ sì ra èyí tó bá a mu, sẹ̀ǹtímítà 38 tàbí 40 lọ̀pọ̀ obìnrin máa ń lò, ì báà jẹ́ fréèmù 58. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ bíréèkì ní síkúrúù kékeré kan tó ń fà á sún mọ́ hándù, ẹni tó ta kẹ̀kẹ́ kì í sì í sábà rántí rẹ̀. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ sún ìjókòó síwájú torí pé hándù jìnnà. Orúnkún ló ń yan ibi tí ìjókòó máa wà, kì í ṣe ọwọ́.

Bí wọn kò bá kọ nọ́ńbà méjèèjì síbì kan, ẹ mú téèpù ìwọ̀n dání. Ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fi táyà ẹ̀yìn kan ògiri, kí ẹnì kan di kẹ̀kẹ́ mú kó dúró ṣánṣán. Ẹ wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé àárín ìdí pẹ́dàlì, lẹ́yìn náà láti ilẹ̀ dé ẹnu ọrùn fréèmù. Ẹ yọ kékeré kúrò nínú ńlá, ìga ọrùn nìyẹn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ láti ara ògiri dé ọ̀gangan ibi méjèèjì, ẹ ó rí ìnawọ́. Ẹnu ọrùn ni mo wí o, níbi tí irin fréèmù parí sí. Ẹ má ṣe ka òrùka mọ́ ọn, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta bùkún ohun tí kẹ̀kẹ́ kò ní. Bí ẹni tó ń tà á bá wá ní kí ẹ má ṣèyọnu, pé ó máa mọ́ yín lára, ẹ ní kó sọ mìlímítà tó máa mọ́ yín lára.