FORTRAN Ló Bí Àṣìṣe Kọ̀ǹpáílà, Kì Í Ṣe C

Ẹ bi àwọn ọmọ tó ń kọ kóòdù ní Tánkẹ́, ní Ìlọrin, pé níbo ni wàhálà yìí ti ṣẹ̀: ètò á ṣe déédéé ní -O0, níbi tí kọ̀ǹpáílà (ètò tó ń tú kóòdù sí èdè ẹ̀rọ) kì í ti wá ọ̀nà láti mú un yára, á wá máa gbé èsì tí kò tọ̀nà jáde ní -O2, níbi tó ti ń tún un tò kó lè yára. Èdè C ni wọn ó pè. Àwọn mìíràn á ní GCC, kọ̀ǹpáílà C tó jáde ní 1987. Wọn kò rìn jìnnà tó. A-0 tí Grace Hopper ṣe ní 1952, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní kọ̀ǹpáílà àkọ́kọ́, kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí: kóòdù tó ti wà nílẹ̀ ló kàn ń kó pọ̀.

1957 ni ká lọ, nígbà tí John Backus àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM gbé kọ̀ǹpáílà èdè FORTRAN jáde fún ẹ̀rọ IBM 704. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ èdè ẹ̀rọ nígbà náà, kò sì sẹ́ni tó máa gba ohun tó bá lọ́ra ju tọwọ́ lọ. Nítorí náà, bí FORTRAN bá rí A*B níbi méjì nínú ìṣírò kan náà, ẹ̀ẹ̀kan ló ń ṣírò rẹ̀. Àwọn tó ṣe é gan-an a máa wo ohun tó bá jáde, wọn a rò pé àṣìṣe ni, àfi tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Ẹ wá wo EQUIVALENCE, tó jẹ́ kí orúkọ méjì ní àyè kan náà nínú mẹ́mórì. Bí A àti C bá jọ ni àyè, tí ètò kọ nǹkan sínú C, A ti yí nìyẹn. Kọ̀ǹpáílà tó bá ń pa A*B mọ́ láti ìlà kan dé òmíràn, tó wá gbàgbé pé A ti yí, á lo A*B àtijọ́. Ó dá mi lójú pé ibẹ̀ ni gbòǹgbò wàhálà yìí. Ahunṣọ òfì tó fo ìlà kan kì í tètè mọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá rán aṣọ náà pọ̀ ni iṣẹ́ ọnà ò ní bára mu.

Ti C kò gùn. Ìlànà èdè C ti 1989 fi àwọn nǹkan kan sílẹ̀ láìsọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Kọ̀ǹpáílà wá gbà pé wọn kò ní ṣẹlẹ̀ láé. Kí nọ́ńbà odidi (int) kọjá iye tó lè gbà wà lára wọn. Nítorí náà, bí x bá jẹ́ int, ó lè pa `if (x + 1 < x)` rẹ́ pátápátá. Ní 2009, Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ka nǹkan láti inú pointer kan (ohun tó ń tọ́ka sí àyè nínú mẹ́mórì) kó tó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá NULL ni, ìyẹn bóyá kò tọ́ka síbì kan. GCC yọ àyẹ̀wò náà, ihò ààbò sì ṣí. Ẹ̀bi ẹni tó kọ kóòdù nìyẹn. Ti kọ̀ǹpáílà gan-an ni àṣìṣe tó ju 325 lọ tí Csmith, ètò láti Yunifásítì Utah tó ń fúnra rẹ̀ kọ kóòdù C láti fi dán kọ̀ǹpáílà wò, tú síta ní 2011.

Bí ètò yín bá ṣe báyìí, ẹ kọ́kọ́ fi -fsanitize=undefined, tó ń ṣọ́ àwọn nǹkan tí ìlànà C kò sọ yẹn, dán an wò. Bí kò bá fọhùn, ẹ fi GCC àti Clang, kọ̀ǹpáílà mìíràn, kọ̀ǹpáìlì rẹ̀, kí ẹ fi èsì wọn wéra. Ẹ má kàn máa fi volatile, ọ̀rọ̀ tó ń sọ fún kọ̀ǹpáílà pé kó máa ka nǹkan látinú mẹ́mórì ní gbogbo ìgbà, síbi gbogbo; ńṣe ló ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ẹ fi C-Reduce, ètò tó ń gé kóòdù tó ní àṣìṣe kúrú, gé kóòdù náà kúrú di ìlà díẹ̀, kí ẹ tó fi ẹjọ́ rẹ̀ sun àwọn tó ni kọ̀ǹpáílà.