Ta Ló Ní Ọmọ Oníwàhálà Nìkan Ló Ń Lọ Bá Káńsẹ́lọ̀?

Bí ilé-ìwé bá ránṣẹ́ sí òbí ní Òṣogbo pé káńsẹ́lọ̀, ìyẹn olùdámọ̀ràn ilé-ìwé, fẹ́ rí i, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu òbí ni, "Kí lo tún ṣe?" Ọmọ ò tíì lanu, wọ́n ti dá a lẹ́bi. Ohun tó wà nídìí ìbéèrè yẹn ni ìgbàgbọ́ pé ọmọ tó ń jà, tó ń sá ní kíláàsì, tàbí tọ́wọ́ rẹ̀ ò mọ́ nìkan ni wọ́n ń mú lọ sí ọ́fíìsì náà. Ìgbàgbọ́ òdì ni, àwọn ọmọ JSS 1 sí JSS 3 ló sì ń jìyà rẹ̀ jù.

Ẹ wo ibi tí iṣẹ́ yìí ti ṣẹ̀ nílẹ̀ wa. Lọ́dún 1959, ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn, àwọn sista Ìjọ Kátólíìkì tó wà nídìí ilé-ìwé náà rí i pé àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ jáde ò mọ irú iṣẹ́ tó yẹ wọ́n. Wọ́n wá àwọn tó mọ tinú tòde oríṣiríṣi iṣẹ́ pé kí wọ́n wá là wọ́n lọ́yẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń tọ́ka sí bí ìbẹ̀rẹ̀ ìdámọ̀ràn nílé-ìwé ní Nàìjíríà, kó tó di pé àwọn olùdámọ̀ràn dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ lọ́dún 1976. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin yẹn tó ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀la wọn ni wọ́n ń bá wọn sọ.

Àmọ́ ìgbàgbọ́ òdì yìí ò ṣàdédé wáyé. Ilé-ìwé mìíràn wà tó jẹ́ pé káńsẹ́lọ̀ náà ló tún ń di ẹgba mú. Ọmọ tí o nà lórí ìlà láago mẹ́jọ àárọ̀ ò lè wá sọ ohun tó ń dùn ún fún ọ láago mẹ́wàá. Iṣẹ́ méjèèjì ò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, a ò lè fi èyí bò rárá. Àwọn tíṣà náà sì ń dá kún un: ọmọ tó ń pariwo ni wọ́n ń tì lọ, ọmọ tó dákẹ́ síbi ìjókòó ẹ̀yìn ò kan ẹnikẹ́ni.

Bẹ́ẹ̀ ọmọ tó dákẹ́ yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọbìnrin kan ní JSS 2. Kì í jà, kì í fèsì burúkú, yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ mọ́. Ó gba 68 nínú Ìṣirò ní sáà kìíní. Ní sáà kejì, 31. Nílé, wọ́n ní ó ti ya ọ̀lẹ. Káńsẹ́lọ̀ tó mọṣẹ́ ò ní tíì pè é. Yóò kọ́kọ́ kó nǹkan mẹ́ta jọ sórí tábìlì: èsì ìdánwò sáà mẹ́ta sẹ́yìn, rẹ́jísítà kíláàsì, àti táìmù-tébù. Bí gbogbo máàkì bá jọ wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọkàn rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ sílé: àìsàn, ebi, ìjà bàbá àti ìyá, ẹ̀rù ẹnì kan. Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ojú pátákó nìkan ló wó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojú ni kò ríran. Ti ọmọ yìí, Ìṣirò àti Sáyẹ́ǹsì ló wó, ìyókù dúró. Rẹ́jísítà máa ń ní ojú àmì méjì lójúmọ́, ti àárọ̀ àti ti ọ̀sán. Ti ọ̀sán kún dẹ́dẹ́. Ti àárọ̀ ṣófo lọ́jọ́ mẹ́ta nínú márùn-ún. Táìmù-tébù ló wá parí ọ̀rọ̀: iṣẹ́ méjèèjì ló wà láàárọ̀, nígbà tí orí ọmọ ṣì tutù.

Ìgbà yẹn ló tó pè é. Kì í jókòó sẹ́yìn tábìlì bí adájọ́. Ó fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ. Kò sì ní bi í pé, "Kí ló dé tó o fi fèèlì?"

"Jókòó, ọmọ mi. Tó o bá jí láàárọ̀, kí lo máa ń kọ́kọ́ ṣe?"

"Mo máa ń bá màmá mi gbé ẹrù dé ọjà Ìgbọ̀nà, mà."

Ọ̀rọ̀ ti yanjú dé ìdajì. Wọn ò ní ké mọ́ ìyá. Wọ́n á pè é, wọ́n á fi rẹ́jísítà hàn án, wọ́n á jọ wá ẹni tí yóò máa gbé ẹrù náà, tàbí kí wọ́n máa gbé e lọ pamọ́ lálẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n á tún ṣí rẹ́jísítà yẹn. Ká ní wọ́n dúró dìgbà tí ọmọ yìí bá bẹ̀rẹ̀ sí í sá ní kíláàsì nítorí ìtìjú máàkì rẹ̀ ni, wọn ì bá pè é ní ọmọ oníwàhálà.

Iṣẹ́ mìíràn wà tí kò ní omijé nínú. Ọmọ tó wọ JSS 1 kúrò lọ́dọ̀ tíṣà kan ṣoṣo ní praimárì, ó bá ara rẹ̀ láàárín tíṣà tó lé ní mẹ́wàá. Káńsẹ́lọ̀ lè kó mẹ́fà sí mẹ́jọ irú wọn jọ, ogójì ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, kó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń pín àkókò ìwé kíkà. Ní JSS 3, ọ̀rọ̀ dé orí yíyan Sáyẹ́ǹsì, Áàtì tàbí Kọmáṣà. Ọmọ tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì nílò Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì. Tó bá tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ wọ Áàtì, ìgbà tó bá fẹ́ kọ JAMB ló máa tó mọ̀, ọdún ti lọ.

Òbí mìíràn á ní, "Ṣé wọn ò ní tú àṣírí ilé mi?" Ọ̀rọ̀ tọ́mọ sọ níbẹ̀, ibẹ̀ ló ń gbé, àfi ọ̀nà mẹ́ta: bó bá fẹ́ ṣe ara rẹ̀ léṣe, bó bá fẹ́ ṣe ẹlòmíràn léṣe, tàbí bí ẹnì kan bá ń fìyà jẹ ẹ́ tàbí ń fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ. Káńsẹ́lọ̀ gbọ́dọ̀ sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ọmọ kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Òótọ́ ni pé àwọn káńsẹ́lọ̀ ò tó. Ẹgbẹ́ àwọn olùdámọ̀ràn ilé-ìwé ní Amẹ́ríkà dábàá káńsẹ́lọ̀ kan fún ọmọ 250. Lọ́dọ̀ wa, ẹni náà tún lè máa kọ́ kíláàsì. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yin òbí ò fi gbọdọ̀ dúró de ìwé ìpè. Ẹ má lọ lọ́jọ́ tí gbogbo òbí bá tò sílẹ̀. Ẹ mú èsì sáà mẹ́ta lọ́wọ́, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ rí nílé àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀: inú rírun láràárọ̀ Mọ́ńdè nìkan, oúnjẹ tí kò jẹ, ọ̀rẹ́ tí kò dárúkọ mọ́. Bí kò bá sí káńsẹ́lọ̀, ẹ bi pírínsípà léèrè tíṣà tí wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́.

Ẹ má sì fi káńsẹ́lọ̀ dẹ́rù ba ọmọ bí ẹni ń fi eégún dẹ́rù bà á. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ sọ fún un pé, "O ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kí ẹ jọ sọ̀rọ̀ lórí Ìṣirò rẹ." Tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó dá wọlé fún ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, kí ẹ̀yin jókòó síta.