Ọjọ́ Tí Yekini Di Àwọ̀n Mú

Ẹni tó bá ti gbọ́njú ní 1994 kò ní kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ júwe ẹ̀ fún òun. Rashidi Yekini sáré wọ inú ilé góòlù, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ ojú àwọ̀n, ó dì í mú, ó ń mì í, ó ń sunkún, ó ń ké pe Ọlọ́run. Góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé nìyẹn, ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà 1994, ní pápá Cotton Bowl nílùú Dallas.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti pẹ́ tí góòlù yẹn ti ń bọ̀. Láti 1960 la ti ń lépa ìdíje náà. Ní 1977, ẹnu ọ̀nà la dé, kí Godwin Odiye tó ṣèèṣì forí kan bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n tiwa ní Súrùlérè, tí Tùnísíà fi nà wá 1-0. Ní oṣù Kẹjọ 1989, níbi tá a ti ń bá Àǹgólà gbá a kí a lè lọ sí ìdíje 1990, Samuel Okwaraji, agbábọ́ọ̀lù wa, ṣubú lulẹ̀ lórí pápá kan náà, ó sì gbabẹ̀ kú. Ọmọ ọdún 25 péré! Mi ò lè sọ ìtàn góòlù yìí kí n fo orúkọ rẹ̀.

Kàdúná ni wọ́n bí Yekini sí ní 1963, àmọ́ ọmọ Ìrá ní Kwara ni. Ẹgbẹ́ iléeṣẹ́ aṣọ UNTL ló ti bẹ̀rẹ̀, kí Shooting Stars ti Ìbàdàn tó mú un. Ó gba Abiola Babes kọjá ní Abẹ́òkúta, ó lọ sí Abidjan, lẹ́yìn náà ló dé Vitória Setúbal ní Potogí. Ibẹ̀ ni iná ẹ̀ ti wá ràn gan-an: góòlù 21 ló jẹ ní sáà 1993 sí 1994, kò sẹ́ni tó jẹ tó o ní líìgì wọn. Òun náà ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Áfíríkà, ti 1993.

Ní Dallas, Bùlùgéríà la kọ́kọ́ kò. Ní ìṣẹ́jú 21, Finidi George fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ láti apá ọ̀tún, ó ń yí lórí koríko kọjá iwájú ilé. Yekini ti dé ibẹ̀ ṣáájú. Ó kàn tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ ni. Wọ́n rọrùn láti wò, irú góòlù bẹ́ẹ̀, àmọ́ kí èèyàn mọ ibi tí bọ́ọ̀lù máa gbà, kó sì ti wà níbẹ̀ kí ó tó dé, iṣẹ́ atamátàsé gan-an nìyẹn. Amokachi àti Amunike fi méjì lé e, ó di 3-0.

Góòlù 37 ni Yekini jẹ fún Nàìjíríà. Ó kú ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún 2012, wọ́n sì gbé e lọ sin sí Ìrá.