Páàsì Ọlọ́dún fún Ọgbà Ìgbafẹ́ Kan Ṣoṣo: Ìgbà Wo Ló Tó Rà?

Bí èèyàn bá fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọgbà ìgbafẹ́ tí èrò ti ń gun oríṣiríṣi ẹ̀rọ ìṣeré, bíi Chessington World of Adventures, tó wà ní ìhà gúúsù London, kò ní tí ì sanwó tán tí wọ́n á fi gbé òmíràn síwájú rẹ̀: kó kúkú fi owó díẹ̀ lé e, kó gba páàsì tí yóò máa fi wọlé fún ọdún kan gbáko. Wọ́n á ní bó bá ti lọ lẹ́ẹ̀mejì péré, owó rẹ̀ ti padà. Wọn kò parọ́. Àmọ́ iye tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ṣe ìṣirò yẹn ló yẹ kéèyàn yẹ̀ wò dáadáa, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà.

Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan kì í ní iye kan ṣoṣo. Èyí tí wọ́n ń tà lẹ́nu géètì ló wọ́n jù. Èyí téèyàn bá ti rà sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń rọjú, pàápàá tó bá jẹ́ ọjọ́ tí àwọn ọmọ wà níléèwé. Ẹ̀dínwó tún wà lẹ́yìn ìyẹn: iléeṣẹ́ Merlin Entertainments, tó ń darí Chessington, Thorpe Park, Alton Towers àti LEGOLAND Windsor, ti bá Kellogg's ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún pé kí àgbàlagbà kan wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ bí ẹlòmíràn bá ti san owó tirẹ̀ ní kíkún. Ara páálí kọnfiléèkì ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Iye ẹnu géètì ni ìpolówó páàsì sábà máa ń lò. Ẹni tó jẹ́ pé páálí kọnfiléèkì ló ti ń fi wọlé láti ọjọ́ yìí, iye tí òun fúnra rẹ̀ ń san ni kó fi wé e.

Ká fi iye àpẹẹrẹ kan wò ó. Ká ní tíkẹ́ẹ̀tì ẹnu géètì jẹ́ £60, ti orí íntánẹ́ẹ̀tì £35, páàsì sì jẹ́ £90. Bó bá jẹ́ ti ẹnu géètì la fi wé e, ìgbà kejì ni páàsì ti ń jèrè. Bó bá jẹ́ ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀ẹ̀mejì jẹ́ £70, owó ò tí ì padà. Ó di ìgbà kẹta.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń dúró sí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ìṣirò ò tí ì tán. Ẹ jẹ́ ká mú bàbá, ìyá àti ọmọ méjì. Páàsì mẹ́rin jẹ́ £360. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá jáde, ká ní owó ọkọ̀ gba £20, oúnjẹ tí wọ́n rà nínú ọgbà sì gba £40. Ká ní wọn kò ní páàsì, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọn ì bá lọ lọ́dún: tíkẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀ àti oúnjẹ á jẹ́ £200 lẹ́ẹ̀kan, £400 lápapọ̀. Àmọ́ páàsì ti wà lọ́wọ́, ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ ń rán wọn létí, ni wọ́n bá lọ lẹ́ẹ̀mẹfà. £360 páàsì, £360 oúnjẹ àti ọkọ̀: £720. Wọ́n ti ná £320 ju èyí tí wọn ì bá ná lọ.

Èyí kò wá sọ pé wọ́n jìn sí kòtò. Ohun tí páàsì ṣe fún wọn ni pé ó ta ọjọ́ mẹ́rin sí i fún wọn ní £80 ọ̀kọ̀ọ̀kan, dípò £200. Ohun tó yẹ kí bàbá àti ìyá jọ sọ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ rà á nìyẹn: ṣé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ tó £80 lójú wa, ṣé a sì ní in? Bó bá jẹ́ pé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti ẹran díndín ni wọ́n ń dì sínú kúlà láti ilé, tí wọ́n sì ń jẹ ẹ́ lórí tábìlì àwọn tó gbé oúnjẹ wá, ọjọ́ mẹ́rin yẹn á já sí £40 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kúlà yẹn lágbára nínú ìṣirò yìí ju ẹ̀dínwó kankan tí páàsì lè fúnni ní ilé oúnjẹ ọgbà lọ.

Kí ló wá dé tí iléeṣẹ́ fi ń ta odidi ọdún kan ní iye ọjọ́ bíi mẹ́ta? Ìdí ni pé ìnáwó ọgbà kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà bí èrò bá pọ̀ tàbí bó bá kéré. Mẹkáníìkì tó ń yẹ irin wò kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn tó ń di bẹ́líìtì mọ́ èrò, iná mànàmáná, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti san. Àga tó ṣófo kò pa owó kankan wọlé. Ẹni tó bá jókòó sí i kò ná wọn ní nǹkan, ó sì ṣeé ṣe kó ra ṣíìpù, kó ra fọ́tò tí wọ́n yà á níbi tó ti ń pariwo, kí ọmọ rẹ̀ sì fa nǹkan yọ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ sí ojú ọ̀nà àbájáde. Owó páàsì tún máa ń wọlé kí iṣẹ́ tó ṣe, ìgbà mìíràn nígbà òtútù tí géètì ṣì wà ní títì. Iléeṣẹ́ ọgbà ìgbafẹ́ Six Flags ní Amẹ́ríkà jẹ́ ká rí bí àwọn onípáàsì ṣe pọ̀ tó nínú èrò: lọ́dún 2022 wọ́n gbówó lé tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì kúrò nídìí títa páàsì ní pọ́ọ́kú. Iye ìgbà tí èèyàn gba géètì wọn wọlé já láti mílíọ̀nù 27.7 lọ́dún 2021 sí mílíọ̀nù 20.5, àmọ́ owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ná lọ sókè.

Ọjọ́ tí ọgbà ti máa kún láìsí onípáàsì ni iléeṣẹ́ kì í fẹ́ kí onípáàsì wá. Ìdí nìyí tí páàsì tó rọjú jù fi máa ń ní àwọn ọjọ́ tí kò wúlò: báńkì họ́lídè, àwọn ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹjọ, òpin ọ̀sẹ̀ àsìkò Halloween. Ẹni tó níṣẹ́ tí kò ní ọmọ, èyí lè má ni ín lára. Òbí tí ọmọ rẹ̀ wà níléèwé ló yẹ kó sọ́ra, torí ọjọ́ tí ọmọ wà nílé gan-an ni wọ́n yọ. Kéèyàn mú kàlẹ́ńdà wá, kó fa igi lé ọjọ́ iléèwé, ọjọ́ tí páàsì kò wúlò, ọjọ́ ìsìn, àti ọjọ́ tí ìyá wà lẹ́nu iṣẹ́ lósibítù ní òpin ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ tó bá ṣẹ́ kù ni páàsì tó rà. Wọ́n lè má ju mẹ́jọ lọ.

Ìgbà míì, ọjọ́ lè ṣí sílẹ̀ kí ààyè má sì sí. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2021, Disneyland ní California fi Magic Key rọ́pò páàsì àtijọ́. Èyí tó wọ́n jù nínú rẹ̀, Dream Key, jẹ́ $1,399, wọ́n sì polówó rẹ̀ pé kò sí ọjọ́ tí kò wúlò. Àmọ́ onípáàsì gbọ́dọ̀ gba ààyè sílẹ̀ kó tó wá. Obìnrin kan tó rà á rí i pé kò sí ààyè fún òun ní àwọn ọjọ́ kan nínú oṣù Kọkànlá, bẹ́ẹ̀ wọ́n ṣì ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan fún ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Iléeṣẹ́ náà ní àwọn kò jẹ̀bi, àmọ́ lọ́dún 2023 wọ́n gbà láti san mílíọ̀nù $9.5 láti parí ẹjọ́ náà, owó tí wọ́n pín fún àwọn tó ra Dream Key, tí wọ́n lé ní 100,000. Kí èèyàn tó sanwó, ìbéèrè méjì ló wà níbẹ̀: ọjọ́ wo ni páàsì kò wúlò, ṣé mo sì gbọ́dọ̀ gba ààyè sílẹ̀?

Bó bá wá kan ọgbà kan tàbí gbogbo wọn, ibi téèyàn ń gbé àti ọjọ́ orí ọmọ ló ń pinnu. Páàsì àpapọ̀ ti Merlin máa ń wọ́n ju ti ọgbà kan lọ, àmọ́ ibi tó ń ṣí lé ní ogún káàkiri Gẹ̀ẹ́sì, tó fi mọ́ London Eye (àgbá ńlá tó ń gbé èrò yí po) àti SEA LIFE (ilé tí wọ́n ti ń wo ẹja) tí òjò kò lè dí lọ́wọ́. Èyí ṣe pàtàkì, torí ọgbà ìta gbangba bíi Thorpe Park kì í ṣí jálẹ̀ ọdún: láti nǹkan bí ìparí oṣù Kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá ni. Páàsì tí wọ́n ń pè ní ti ọdún kan, nǹkan bí oṣù mẹ́jọ ló máa ṣiṣẹ́. Ìdílé tó ń gbé ní Peckham, tí kò ní ọkọ̀, lè wọ ọkọ̀ ojú irin láti Waterloo lọ tààrà sí Chessington South, kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Fún wọn, páàsì Chessington nìkan ṣeé lò dáadáa. Alton Towers tó wà nínú páàsì àpapọ̀ wà lọ́hùn-ún ní Staffordshire. Wọ́n lè má débẹ̀ lọ́dún náà.

Gíga ọmọ náà wà níbẹ̀. Ọmọ tí kò tíì ga tó 90 sẹ̀ǹtímítà ń wọ Chessington àti LEGOLAND Windsor lọ́fẹ̀ẹ́, owó ṣòfò ni páàsì tí wọ́n bá rà fún un. Ọmọ tí kò tíì ga tó mítà 1.4 kò lè gun Stealth, rólà kósítà kan (ọkọ̀ orí irin tó ń sáré gòkè, tó ń sáré sọ̀ kalẹ̀) ní Thorpe Park, ó sì máa ń dunni láti rí ọmọ tó ti tò fún ìgbà pípẹ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n níwájú igi ìwọ̀n tí wọ́n ní kó padà. Ti ìyá àgbà, tí yóò kàn jókòó ti àwọn báàgì, tún yàtọ̀: àgbàlagbà tó bá gba géètì wọlé ń sanwó, bó gun nǹkan bí kò gùn ún. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan ti tó màmá.

Ohun kan wà tí ìṣirò kò lè sọ tán, òun sì ni mo rò pé ó dára jù nínú páàsì ọgbà kan. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan máa ń fa àwọn ọmọ kiri láti àárọ̀ dalẹ́ kí owó má bàa ṣòfò. Onípáàsì lè dé lẹ́yìn ọ̀sán, kí ọmọ wa ọkọ̀ kékeré ní Driving School ti LEGOLAND lẹ́ẹ̀mejì, kó gba láísẹ́ńsì rẹ̀ lọ́wọ́, kí òjò sì bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n máa lọ sílé láìbínú. Bí nǹkan bá bàjẹ́, wọ́n á padà wá. Hyperia, rólà kósítà tó ga jù ní Gẹ̀ẹ́sì ní ẹsẹ̀ bàtà 236, ṣí ní Thorpe Park lọ́jọ́ 24 oṣù Karùn-ún 2024, àmọ́ kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi tì í fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tó fi tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan wá nítorí rẹ̀ pàdánù. Onípáàsì dúró di ìgbà tó tún ṣí.

Ó kù bí wọ́n ṣe ń rà á. Kéèyàn wò ó bóyá oṣù méjìlá ni páàsì náà tàbí ìparí sáà ló máa kú, torí èyí tó bá kú ní ìparí sáà kò ṣeé rà lóṣù Kẹsàn-án. Bó bá jẹ́ pé oṣooṣù ni wọ́n ń yọ owó ní báńkì, kó mọ ọjọ́ tó lè dá a dúró. Ọ̀pọ̀ ọgbà sì máa ń gbà kéèyàn fi owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan rọ́pò apá kan owó páàsì, bó bá ṣe é lọ́jọ́ yẹn kan náà kó tó jáde. Kí ìdílé kọ́kọ́ ra ti ọjọ́ kan, kí wọ́n lò ó dalẹ́. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, tí ó ti rẹ ẹsẹ̀, tí àwọn ọmọ ṣì ń bèèrè ìgbà tí wọ́n máa tún wá, kí wọ́n yà sí ọ́fíìsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì.