Ìdílé kan ni ewédú, obì àti àràbà

Ẹ wo ewédú lórí ebè, kí ẹ sì gbójú sókè wo igi àràbà. Ta ni yóò pè wọ́n ní ẹbí? Fún ìgbà pípẹ́, àwa onímọ̀ ewéko náà kò pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Òdòdó, èso àti ewé la fi ń pín wọn: ilá, ìṣápá àti òwú wà lọ́tọ̀, obì àti kòkó lọ́tọ̀, àràbà àti osè lọ́tọ̀, ewédú náà lọ́tọ̀.

DNA, ìyẹn àkọsílẹ̀ inú ara tí òbí ń fi lé ọmọ lọ́wọ́, ló tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Bí ewéko bá ń bímọ, ó ń da DNA rẹ̀ kọ fún ọmọ, àṣìkọ a sì máa wọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ méjì bá ṣi lẹ́tà kan náà kọ lójú ibì kan náà, a mọ̀ pé ibì kan ni wọ́n ti wò ó. Irú àṣìkọ bẹ́ẹ̀ là ń wá. Òun ló fi jẹ́ pé láti ọdún 1998 ni wọ́n ti kó ìdílé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ sábẹ́ Malvaceae. Yíyọ̀ tí ilá àti ewédú ń yọ̀ nínú ọbẹ̀ ti ń sọ ọ́ tipẹ́!

Jíìnì kan ṣoṣo, ìyẹn abala kan nínú DNA, lè ṣini lọ́nà, pàápàá níbi tí irú ewéko ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti jọ bímọ pọ̀ láyé àtijọ́. Nítorí náà, jíìnì 353 ni àwọn ará Kew, ọgbà ìwádìí ewéko ní London, àti alábàáṣiṣẹ́ wọn kà lára irú ewéko olódòdó tó lé ní 9,500, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2024. Ọ̀kan nínú ewéko tí wọ́n lò jẹ́ ewé gbígbẹ tí wọ́n já ní Nepal ní 1829. Ẹ ò rí i pé àwọn ewé gbígbẹ tí a tọ́jú sí Ìbàdàn kì í ṣe pàǹtí rárá!

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an. Ní 1936 ni wọ́n rí àrùn tó ń mú ẹ̀ka kòkó wú ní Gánà. Gúúsù Amẹ́ríkà ni kòkó ti wá, ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì àrùn náà ti wà lára igi ilẹ̀ wa: àràbà, osè, àti àwọn kan nínú ẹbí obì inú igbó. Kòkòrò kékeré funfun tó ń fa omi ara igi ló gbé e dé ara kòkó, kòkó sì gbà á nítorí pé mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ gbin kòkó tuntun, kó yẹ àràbà àti osè tó wà nítòsí wò, kó sì fi ọsàn tàbí ọ̀pẹ dínà sáàárín. Fáírọ́ọ̀sì yìí kì í mú ọsàn àti ọ̀pẹ.